Ẹ Bi Kóòṣì: Òógùn Kì Í Ṣe Òṣùwọ̀n

Ìbéèrè: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtokú l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń ta àdìrẹ, mo sì pé ọdún mẹ́tàlélógójì lóṣù tó kọjá. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń lọ sí jíìmù, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kílò 84 ni mo wọ̀n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, 83. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ wa kì í jẹ́ ká ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó yẹ kí nǹkan máa ya ara lẹ́nu. A máa ń làágùn bí ẹni tí òjò pa, ara á sì ro mí débi pé mi ò ní lè sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Owó ibẹ̀ ò kéré. Ṣé kí n jáwọ́ ni? Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé mi ò pe alábàárù mọ́. Èmi fúnra mi ni mò ń gbé ẹrù aṣọ mi gun àtẹ̀gùn. — *Ìyá Ìbejì*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má jáwọ́. Ìdáhùn yín ti wà nínú lẹ́tà yín, ẹ kàn fi pamọ́ sí ìdí rẹ̀ ni, bí ìgbà téèyàn bo ẹran mọ́ abẹ́ ẹ̀fọ́. Obìnrin tó ń sanwó alábàárù lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló ń gbé ẹrù fúnra rẹ̀ báyìí. Agbára ti wọlé, ẹnì kankan ni kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti síkéèlì kọ́kọ́. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹ jẹ ẹ̀bà alẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ oníyọ̀, kẹ́ ẹ mumi lé e, ẹ ó rí i pé síkéèlì á gòkè láàárọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀n, kó jẹ́ ní kùtù, lẹ́yìn ìtọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun, ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin, ìyẹn lẹ máa fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ti Sátidé kan ṣoṣo yẹn, ẹlẹ́rìí èké ni.

Ara ríro náà ńkọ́? Ara máa ń ro èèyàn tó bá ṣe ohun tí kò mọ́ ọn lára. Ẹni tó ń yí eré ìdárayá padà lójoojúmọ́, títí ayé ni ara á máa ro ó. Mi ò bá ọmọkùnrin yẹn jà o, kò fẹ́ kó sú yín ni. Àmọ́ tí Ìṣẹ́gun yìí bá jẹ́ ìlóṣòó, tí Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ jẹ́ fífò, kí lẹ fẹ́ fi wé kí ni? Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Thomas DeLorme, ń tọ́jú àwọn sójà tí orúnkún wọn bàjẹ́ ní Chicago. Ó gbé irin tó wúwo fún wọn, ó ń wọn agbára wọn, bí agbára bá ṣe ń pọ̀ ló ṣe ń fi irin kún irin. Ó tẹ ohun tó rí jáde ní 1945. Eré kan náà, ẹrù tó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú eré mẹ́rin péré fún ọ̀sẹ̀ méjìlá: ìlóṣòó pẹ̀lú irin léjìká, gbígbé irin nílẹ̀, títi irin sókè, fífa irin sáyà. Ẹ ra ìwé àjákọ kan bíi tàwọn ìbejì. Bí tèmi ṣe rí rèé lọ́jọ́ kan: "Ìlóṣòó, 40, ìgbà 8, 8, 7. Oorun wákàtí mẹ́rin, kò síná, ẹ̀fọn."

Boyd Epley, tó fìgbà kan jẹ́ kóòṣì ní Yunifásítì Nebraska l'Amẹ́ríkà, ní ìṣirò kan tó ń fojú dá ẹrù tó wúwo jù lọ tẹ́ ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ẹ fi iye ìgbà sọ ẹrù di púpọ̀, ẹ fi 30 pín in, ẹ ro ó mọ́ ẹrù náà. Kílò 40 lẹ́ẹ̀mẹjọ: 50.7. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kílò 40 yẹn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: 53.3. Irin ò pọ̀ sí i, ẹ̀yin lẹ lágbára sí i. Ìfojúdá ni o. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ má gbára lé e mọ́.

Irin kan náà sì ni kẹ́ ẹ máa lò. Nígbà kan, mò ń yangàn pé mò ń lóṣòó pẹ̀lú kílò 140. Mo dé jíìmù mìíràn, 140 tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Mo padà lọ bẹ àwọn ti àkọ́kọ́, mo gbé ọ̀kan nínú irin rìbìtì tí wọ́n kọ 20 sí lára, ó di ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Bódìjà. Ìyá fi aṣọ nu ìpẹ́ ẹja kúrò lórí síkéèlì, ó gbé irin lé e, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ọmọ mi, mẹ́tàdínlógún àbọ̀ ni. Ta ló rẹ́ ẹ jẹ báyìí?" Irú ẹ̀ mẹ́fà ni mo máa ń kó léjìká, lórí ọ̀pá irin oníkílò 20: kílò 15 ni mo fi ń yangàn lásán. Ìwé mi ti oṣù mẹ́jọ kò purọ́ pé mò ń tẹ̀ síwájú, nítorí irin kan náà ni mo ń lò. Nọ́ńbà ara irin ló purọ́. Ẹ gbé ẹrù aṣọ yín náà lé síkéèlì ẹlẹ́ja kan, ẹ kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́.

Ẹ má sì torí pé apá yín ò tíì yọ bàrà kẹ́ ẹ rò pé irọ́ ni. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Moritani àti deVries, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1979: níbẹ̀rẹ̀, ọpọlọ ló ń kọ́ bí yóò ṣe pe iṣan tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ síṣẹ́, ẹran ara ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìbéèrè: Kóòṣì, bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí àga, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń ti ara wọn. Àǹtí mi ní irin gbígbé fún àgbàlagbà, ikú ló ń pè. — *Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìdáhùn: Àbúrò, bá mi kí àǹtí ẹ. Ní 1990, ìwádìí kan jáde láti Boston: èèyàn mẹ́wàá, ọdún 86 sí 96, nílé ìtọ́jú àwọn àgbà, fi ẹsẹ̀ gbé irin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ní ìpíndọ́gba, agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì àbọ̀ ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá wò. Lẹ́yìn náà, gbé àga ti ògiri, kí wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ sáyà, kí wọ́n máa dìde kí wọ́n máa jókòó fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ìwọ dúró tì wọ́n. Bó bá ṣe ẹ̀ẹ̀mejì péré, kọ 2 sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kọ̀wé sí mi. Nọ́ńbà ni kó o fi ránṣẹ́ o, má fi àdúrà nìkan ránṣẹ́.