Ọwọ́ nìkan kò tó fún oríkèé ìdí

Ìyá ìkókó, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti bímọ ni ìdí ọ̀tún ti ń dùn yín, ìyá kan ní Sábẹ́ẹ sì ń fi òrí wọ́ ọ, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá. Ẹ má fi ìkankan sílẹ̀. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó gbà mí nìyẹn ní Kétu níbí, lẹ́yìn tí ìrora náà ti fojú mi rí màbo.

Oríkèé méjì ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì, níbi tí egungun ìbàdí ti pàdé ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn. Wọn kì í mì ju mìlímítà díẹ̀ lọ, iṣan líle ló dì wọ́n mú, oyún sì máa ń dẹ àwọn iṣan yẹn. Bí ẹ bá lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń dùn yín, lẹ́bàá kòtò kékeré tó wà lókè ìdí, tó sì ń gún yín bí ẹ bá ń yíra padà lórí ibùsùn tàbí tí ẹ bá ń dìde lórí àpótí, ó jọ pé ibẹ̀ ni. Tèmi ò fẹ́ràn zém, ọ̀kadà akérò, rárá, pàápàá bí mo bá fẹ̀gbẹ́ jókòó.

Fọ́tò eegun tí mo yà kò fi nǹkan kan hàn. Kiné, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan, tí mo lọ bá ní Àjàṣẹ́ kò wò ó pẹ́. Ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ká itan mi sókè títí tó fi dúró ṣánṣán, ó ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ ìdí mi, ó wá fi ara rẹ̀ tẹ orúnkún mi wálẹ̀ tààrà. Ìrora náà ta sí mi lójú ibẹ̀ gan-an, mo pariwo. Kò gba ẹ̀rí kan ṣoṣo yẹn gbọ́. Ó tún tẹ ìbàdí mi láti ẹ̀gbẹ́, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan rọ̀ sílẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ó kéré tán kí mẹ́ta nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ dùn mí kí òun tó gbà pé oríkèé náà ni.

Ìgbà náà ló tó fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, kò sì fi agbára ṣe é. Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé èjìká, ó ní kí n rọra fi gìgísẹ̀ ti òun, òun kò sì jẹ́ kó lọ. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, màá sinmi, yóò tún gbé ẹsẹ̀ náà síwájú díẹ̀. Nígbà tí mo dìde, ara mi fúyẹ́. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbé owó wọn sílẹ̀ tí wọ́n ń lọ, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti padà. Ọwọ́ kì í dá eegun tó yẹ̀ padà sáàyè bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún wa. Ńṣe ló ń tú iṣan tó há, tí ìrora á sì dínkù fúngbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ fi ṣe eré ìdárayá.

Kí n tó wọ bàtà ni kiné ti ní kí n padà sórí ẹní. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún méjèèjì, kí gìgísẹ̀ sún mọ́ ìdí. Ẹ mí jáde, ẹ rọra fa abẹ́ ìdodo wọlé, ẹ fún ìdí pọ̀, kí ẹ tó gbé e kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá gbé e láìfún un, ẹ̀yìn ni yóò gbé gbogbo ẹrù náà, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ kejì. Bí pajápajá bá mú ẹ̀yìn itan yín, gìgísẹ̀ ló jìnnà jù. Lẹ́yìn èyí, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ pa gìgísẹ̀ pọ̀, kí ẹ ṣí orúnkún òkè láìjẹ́ kí ìbàdí yí sẹ́yìn. Ẹ ṣe é mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́. Kí àwọn ọmọ tó jí ni mo máa ń ṣe tèmi, torí bí mo bá ti dé ọjà, ó parí nìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, gbé ìlànà jáde lóṣù Kejìlá 2023 fún ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́: eré ìdárayá wà níbẹ̀, ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe fún ọ̀pá ẹ̀yìn wà níbẹ̀, kí wọ́n wọ́ èèyàn lára náà wà níbẹ̀. Wọn ò fọwọ́ sí bẹ́líìtì tí à ń so mọ́ ẹ̀yìn, wọn ò sì fẹ́ oògùn ìrora irú tramadol. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín lọ́jà, ẹ sì ń fún ọmọ lọ́mú.

Bí abẹ́ bá kú tipiri, bí ìtọ̀ kò bá ṣeé mú dúró mọ́, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ tàbí ibà bá dà á pọ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀yìn bá sì máa ń gan láàárọ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ, tó jẹ́ pé rírìn ló ń tú u, ẹ sọ fún dókítà. Àrùn mìíràn lè wà nídìí rẹ̀.

Ẹ má lé ìyá tó ń fi òrí wọ́ yín yẹn o. Kó wọ́ ọ, kí ẹ ti ibẹ̀ bọ́ sórí ẹní. Ẹ kàn bẹ̀ ẹ́ kó má gun ẹ̀yìn yín. Bí ẹ bá sì rí owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ kiné, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá yóò kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó máa ṣe nílé. Bó bá ní iná gbígbóná nìkan lòun máa gbé lé yín lẹ́yìn, ẹ wá ẹlòmíràn.