Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìwé ọmọlangidi lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì náwó

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí a ṣe ń ṣe ọmọlangidi tí a ń fi okùn darí. Mo tẹ “puppet” sórí Google, ìwé kọ̀ǹpútà àti ọ̀rọ̀ òṣèlú ló kún ojú fóònù mi. Níbo ni mo ti lè rí ìwé gidi wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí dátà mi má bàa tán sórí èyí tí kò wúlò? — *Tíṣà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì*

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ ló fa wàhálà. Sọ́fítíwíà kan ń jẹ́ Puppet, àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ńlá ló ń lò ó, ìwé lórí rẹ̀ sì pọ̀. Àwọn oníròyìn náà a máa fi “puppet” pe ìjọba tí ẹlòmíì ń darí láti ẹ̀yìn. “Marionette” ni kí ẹ tẹ̀. Ọmọlangidi olókùn nìyẹn. Èyí tí a ń ti ọwọ́ bọ̀ ni “glove puppet”, èyí tí a ń fi ọ̀pá gbé ni “rod puppet”. (Ẹ má pe ìyẹn ní ọlọ́pàá fún àwọn ọmọ o.)

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí archive.org, ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí a ti ń wá nǹkan, ẹ tẹ subject:"puppet making", kí ẹ sì yan “Texts”. Ìwé tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti kúrò lórí rẹ̀ (ní Amẹ́ríkà, gbogbo èyí tó jáde ṣáájú 1930) á ṣí fún yín tààrà. Àwọn tó kù, yíyá ni: ẹ fi ímeèlì ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́, ẹ tẹ “Borrow”, ẹ ó sì ní wákàtí kan. Bó bá pé tí ẹlòmíì kò tíì gbà á, ẹ tún un yá. Èyí tó bá kọ “Borrow Unavailable”, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé gbé archive.org lọ sílé ẹjọ́, archive.org yọ ọ̀pọ̀ ìwé kúrò nínú àyálò.

Kí ẹ tó gba ìwé kankan sórí fóònù, ẹ wo inú rẹ̀ ná. Ẹ tẹ àmì awò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kí ẹ wá “string”, “joint” àti “control” (igi ìdarí tí a so okùn mọ́). Bí ọ̀rọ̀ náà bá fọ́n káàkiri, ẹ̀ẹ̀kan níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́hùn-ún, ìwé ìtàn nípa ọmọlangidi ni. Bó bá ṣù jọ sórí ojú ewé mẹ́ta mẹ́rin tó tẹ̀ léra, tí “Fig.” (àmì àwòrán) sì wà nítòsí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́. *A Book of Marionettes* tí Helen Haiman Joseph kọ ní 1920 dùn ún kà, ṣùgbọ́n ìtàn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí: EPUB (irú fáìlì ìwé kan fún fóònù) tó wà ní archive.org, ẹ̀rọ ló ka àwòrán ìwé sọ di ọ̀rọ̀. Àwòrán iṣẹ́ lè sọnù, ìdajì ínṣì (½) a sì máa di “%”. Ẹni tó bá fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ gé igi, apá kan á gùn ju èkejì lọ. Nítorí náà, ojú ewé gan-an ni kí ẹ wò, kí ẹ ya àwòrán ìwọ̀nba tí ẹ nílò láti ojú fóònù (“screenshot”). Odindi PDF tí àwòrán kún inú rẹ̀ lè ju 50 MB lọ. Ní Project Gutenberg, ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ní àwòrán ni kí ẹ mú, bó tilẹ̀ wúwo. Ínṣì ni àwọn ìwé àtijọ́ ń lò: ọmọlangidi 18 ínṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 46 sẹ̀ǹtímítà.

Ìbéèrè: Mo ń ka ìwé kan lórí Google Books, ó ṣàdédé fo ojú ewé tí mo ń wá. Ṣé fóònù mi ni? — *Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì*

Ìdáhùn: Rárá o. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń pinnu iye tí wọ́n máa fi hàn. “Preview” ń fi díẹ̀ hàn, “Snippet view” ò ju ìlà mélòó kan lọ, “Full view” nìkan ló pé. Ẹ lọ sí “Tools” lórí ojú ìwárí, kí ẹ yan “Full view”. Bí ti yín kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ fi orúkọ ìwé náà wá a ní archive.org. Ojúlé tó bá ní òun ní odindi rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tó wá ń béèrè nọ́ńbà káàdì ATM, ẹ tì í pa.