Bàbá Àgbà Mi Ṣiṣẹ́ Nílé Ọtí Ìgànmú: Níbo Ni Kí N Ti Bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá tó bí bàbá mi, Èkó ló kú sí. Wọ́n ní láti 1944 ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bíà ní Ìgànmú. Lẹ́tà kan péré ló kù nínú àpótí rẹ̀, "Ajani" ni wọ́n sì kọ síbẹ̀ dípò orúkọ ìdílé wa. Báwo ni mo ṣe lè tọpa rẹ̀? — Òǹkàwé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: 1944 yẹn kò lè rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kọkànlá 1946 ni UAC (United Africa Company, ilé iṣẹ́ òwò ńlá kan) àti Heineken forúkọ ilé iṣẹ́ náà, tí a mọ̀ sí Nigerian Breweries lónìí, sílẹ̀. Oṣù Kẹfà 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú. Ẹ má tìtorí ẹ̀ pe àwọn àgbà ní òpùrọ́ o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ UAC gan-an, tó ti wà láti 1929, ni bàbá kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́.

Ẹ gbé lẹ́tà náà síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sókè pátápátá. "Nigerian Brewery" ni orúkọ náà títí di 1957, ọdún tí wọ́n ṣí ilé ọtí kejì ní Ábá. Ìgbà náà ló di "Breweries". Bí ẹ bá rí "Plc", 1990 tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n fi ka owó oṣù, ó ti wà kí náírà tó dé ní Oṣù Kìíní 1973. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì a máa lo bébà àtijọ́ tán kí wọ́n tó tẹ tuntun, nítorí náà ẹ wo déètì tó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tún tú àpótí náà wò fún káàdì NPF (National Provident Fund, ètò ìfowópamọ́ òṣìṣẹ́ fún ọjọ́ ogbó). 1961 ni ètò yẹn bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Oríkì ni Àjàní, kì í ṣe orúkọ ìdílé. Láyé ọjọ́un, akọ̀wé lè fi oríkì, orúkọ baba tàbí orúkọ ìlú dí ibẹ̀. Ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀, pẹ̀lú àkọtọ́ àtijọ́: "sh" fún "ṣ", "aiye" fún "ayé". Bí bàbá bá ṣe ìrìbọmi, ẹ béèrè ìwé àkọsílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Orúkọ àwọn òbí sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ní ti ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí yín. Ìwé UAC wà lọ́wọ́ Unilever ní Port Sunlight, ní Ìlú Ọba.

Ẹ tún wá ìyàwó ilé tó dàgbà jù nínú ẹbí. Ẹ má kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún un, ẹ bi í pé, "Màmá, báwo lẹ ṣe ń ki bàbá láàárọ̀?" kí ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù. Bó bá dé "ìjàkadì lorò Ọ̀fà", ẹ má dúró níbẹ̀, torí gbogbo ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n ń kì bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ agbo ilé.