Ìbéèrè Yín: Ẹ Má Tíì Fọ Kọ́ìnì Náà

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ tí ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀, ìṣó àti ìdérí ìgò ni mò ń hú jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo hú kọ́ìnì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ti di aláwọ̀ ewé, n kò sì rí lẹ́tà kankan kà lára rẹ̀. Ṣé kí n rẹ ẹ́ sínú fínígà, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kí n lè mọ ohun tó jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ewé yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Bàbà tó wà nínú kọ́ìnì náà ni omi àti afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ ti sọ di èèpo líle sí i lára, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé inú èèpo yẹn gan-an ni ìwọ̀nba àwòrán àti lẹ́tà tó ṣẹ́ kù wà, kì í ṣe inú irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí fínígà bá jẹ èèpo náà, lẹ́tà bá a lọ nìyẹn. Mo ti rí èyí tí ẹni tó ni ín fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha títí tó fi ń dán, tí kò sì sẹ́ni tó lè sọ irú kọ́ìnì tó jẹ́ mọ́; ó dùn mí púpọ̀. Omi lásán ni kí ẹ fi mú kí erùpẹ̀ rọ̀, kí ẹ wá fi ìtayín yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré, kí ẹ sì fi rúlà wo bí ó ṣe fẹ̀ tó. Pẹ́nì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe láàárín 1860 sí 1970 wúwo tó gíráàmù 9.4, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 31. Sántíìmù mẹ́wàá tí wọ́n ṣe ní Faransé nígbà Napoleon Kẹta jẹ́ gíráàmù 10 àti mìlímítà 30. Ṣùgbọ́n kọ́ìnì tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn a máa fúyẹ́ sí i, nítorí náà ìwọ̀n nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́. Ẹ wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ gbé kọ́ìnì náà sórí tábìlì, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ẹ sì máa yí kọ́ìnì náà díẹ̀díẹ̀. Òjìji yóò gbé ohun tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀ jáde. Bí ẹ bá rí obìnrin tó jókòó pẹ̀lú apata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ́nì ni; bí ó bá jẹ́ ẹyẹ idì tó na ìyẹ́ apá rẹ̀, ti Faransé ni. Ẹ fi òòfà kàn án pẹ̀lú: bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe ojúlówó wúrà, fàdákà tàbí bàbà.

Ìbéèrè: Kọ́ìnì fàdákà tí mo rí ní orí obìnrin kan àti ọdún 1780 lára. Ṣé lóòótọ́ ló ti lé ní igba ọdún?

Ìdáhùn: Ó lè máà rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wúwo tó gíráàmù 28, tí ó sì fẹ̀ tó mìlímítà 40, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó Maria Theresa, ọbabìnrin Austria tó kú ní 1780. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Lárúbáwá àti Ethiopia fọkàn tán owó yìí débi pé wọ́n ń ṣe é lọ pẹ̀lú ọdún kan náà lára rẹ̀ títí wọ ọ̀rúndún ogún, ní Vienna, Rome, London àti ibòmíràn. Iye ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lára ohun ọ̀ṣọ́ èjìká obìnrin náà àti ìyẹ́ ìrù ẹyẹ idì tó wà lẹ́yìn owó náà ni àwọn onímọ̀ ń wò láti mọ ibi tó ti wá. Bákan náà, 1223 tó wà lára kọ́ìnì Mahmud Kejì, ọba ìjọba Ọ́tómánì ti àwọn ará Túrkì, jẹ́ ọdún Híjírà (ọdún àwọn Mùsùlùmí) tó gorí ìtẹ́, èyí tó bọ́ sí 1808. Nọ́ńbà kékeré kan wà lọ́tọ̀ tó ń sọ iye ọdún tó ti lò lórí oyè.

Ìbéèrè: Mo ti hú kọ́ìnì mẹ́rin jáde lójú kan, ẹ̀rọ sì tún ń dún kíkankíkan. Ṣé kí n máa wà á lọ?

Ìdáhùn: Ẹ dáwọ́ dúró. Ní 1992, ní abúlé Hoxne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eric Lawes lọ fi ẹ̀rọ wá òòlù tó sọnù, ó sì kan owó àwọn ará Róòmù. Nígbà tó rí i pé ó pọ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀, ó sì lọ sọ fún àwọn aláṣẹ. Àwọn awalẹ̀pìtàn wá hú nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ́ìnì níbẹ̀, wọ́n sì tún rí àmì àpótí tí wọ́n kó wọn sí. Ká ní ó ti fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ, àmì yẹn ì bá ti parẹ́.

Òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè: àwọn kan kò gbà kí ẹnikẹ́ni wá nǹkan bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, àwọn mìíràn sì fún yín ní ọjọ́ 14 láti kéde rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ihò náà bí ó ṣe wà, ẹ fi erùpẹ̀ bò ó padà, ẹ fi àmì sí i. Ẹ kó kọ́ìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó sára àpò rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ni ilẹ̀ náà àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó súnmọ́ yín gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.