Ìbéèrè yín, Ìdáhùn wa: Ṣé panel beater lè bá wọn tún bàálù ogun ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Panel beater ni mí, Oyèmẹ́kùn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Àkúrẹ́ níbí. Àbúrò mi tó wà ní Hamilton ní Kánádà ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, àwọn bàbá arúgbó ni mo rí níbẹ̀ tí wọ́n ń tún bàálù ogun ayé àtijọ́ ṣe, ó ní wọn kì í gba kọ́bọ̀, pé fọ́lọ́ntíà ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ náà wù mí gan-an. Ẹnì kan ti wá ní òun á bá mi ṣe físà fọ́lọ́ntíà lọ sí ìlú ọba tí mo bá ti lè kówó sílẹ̀. Ṣé irú èmi lè ṣe é lóòótọ́? Àbí kò sí irú ẹ̀ ní Nàìjíríà ni? (Bàbá Wálé, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Bàbá Wálé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ owó yẹn ni ká kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọ̀gbẹ́ni yẹn ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá gba físà àlejò lọ sí ìlú ọba, òfin gbà á láyè kó fi ọjọ́ 30 péré bá ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, kó má sì jẹ́ pé torí iṣẹ́ ọ̀hún gan-an ló ṣe wọlé. Tó bá máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ni ibi iṣẹ́ lọ́hùn-ún ló máa fúnra wọn kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yín, kì í ṣe ẹnì kan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ládùúgbò yín.

Ibi tí fọ́tò yẹn ti wá, á jọ pé Canadian Warplane Heritage Museum ni, torí Hamilton ni wọ́n wà. Bọ́ǹbà kan, ìyẹn bàálù tó ń ju bọ́ǹbù, wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lancaster, 7,377 ni wọ́n ṣe nínú ẹ̀, méjì péré ló ṣì ń fò láyé báyìí, ọ̀kan ni tiwọn yẹn.

Ọwọ́ panel beater wúlò níbẹ̀ gan-an, àmọ́ nǹkan tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbàgbé pọ̀. Kò sí fílà tí a fi ń dí ojú ibi tó wó o, kò sí pé a fi sáńdípépà há a kó dán. Ara bàálù, alumíníọ̀mù tí wọ́n po irin mìíràn mọ́ ni, wọ́n sì sábà máa ń fi alumíníọ̀mù gidi tó tín-ín-rín bo ojú ẹ̀, èyí tó tín-ín-rín yẹn ni kì í jẹ́ kó tètè jẹrà, ẹnì kan á wá gbé sáńdípépà dé, á máa họ ààbò yẹn dànù, á ní òun ń mú un dán! Rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin kékeré bí ìṣó, ni wọ́n fi ń so ó pọ̀, ẹni méjì ló sì ń kàn án. Ẹnì kan wà níta pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbá a, ẹnì kejì á ká ara ẹ̀ kò sínú ikùn bàálù, á di irin kékeré kan tó wúwo mú gbọn-in sídìí rífẹ́ẹ̀tì náà kí ìdí ẹ̀ lè tẹ̀ kó sì fẹ̀. Wọn ò ríra wọn, ariwo sì pọ̀, kíkan irin kò-kò ni wọ́n fi ń sọ fúnra wọn pé ó ti ṣe tàbí kó tún gbá a sí i. Kí wọ́n tó tú ohunkóhun, fọ́tò kọ́kọ́, ìwé pélébé tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò ní sùúrù fún ìyẹn, kó máa lu Corolla ẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní Elvington, ní Yorkshire ní ìlú ọba, wọ́n fẹ́ ní bọ́ǹbà tó ń jẹ́ Halifax, wọn ò rí odindi. Ẹ̀yà ara ọ̀kan ni wọ́n rí ní erékùṣù Lewis ní Scotland, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé adìẹ! Apá ẹ̀, ara bàálù mìíràn tó ń jẹ́ Hastings ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ń ṣe é lọ títí ó fi di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996 kí wọ́n tó tì í síta. Irú Halifax yìí sì ni ọmọ Nàìjíríà kan, Akin Shenbanjo, wọ̀ ja ogun Hítílà tó fi gba DFC, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà lójú òfuurufú, nítorí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni.

Nílé wa níbí, Umuahia ni. National War Museum tí wọ́n ṣí lọ́dún 1985, bàálù ogun abẹ́lé wà níta gbangba níbẹ̀. National Commission for Museums and Monuments ló ni ín, àwọn náà ló ni mùsíọ́ọ̀mù Ọ̀wọ̀ tí kò jìnnà sí yín. Ẹ gba Ọ̀wọ̀ lọ, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀, kí wọ́n tọ́ yín sọ́nà. Tó bá jẹ́ ìgbálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún yín, ẹ gbà á.

Èmi ò fẹ́ràn bí a ṣe máa ń sáré kun bàálù àtijọ́ tí àlejò bá ti fẹ́ dé. Ikùn bàálù ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ lábẹ́ tí omi ń gbà jáde, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé gbígbẹ á dí i, òjò á wá dúró sínú ẹ̀, inú á máa jẹ nígbà tí ara ń dán níta. Ẹni tó bá fi igi tín-ín-rín ṣí ihò yẹn ṣiṣẹ́ ju ẹni tó gbé pẹ́ńtì dání lọ.

Ẹ ṣọ́ra o. Àwọn aago iwájú awakọ̀ tí wọ́n ṣe kó máa tàn lóru, rédíọ́ọ̀mù, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, wà lára ọ̀pọ̀ wọn, kódà tí kò bá tàn mọ́ oró ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ má ṣí gíláàsì ẹ̀. Àga tó ń ju awakọ̀ síta, ẹ̀tù ló ń tì í, ẹ jìnnà sí i títí ọ̀gá á fi ní wọ́n ti yọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mass Comm ni mò ń kà, obìnrin ni mí, mi ò mọ sípánà mú. Ṣé àyè wà fún èmi náà? (Bọ́lá, Ọ̀wọ̀)

ÌDÁHÙN: Ó wà o, Bọ́lá. Nígbà ogun Hítílà, obìnrin ló kan ọ̀pọ̀ rífẹ́ẹ̀tì yẹn ní Amẹ́ríkà àti ìlú ọba. Àmọ́ fóònù ẹ ni mo fẹ́ kó o gbé. Ọdún 1964 ni wọ́n dá Air Force wa sílẹ̀, àwọn Jámánì ló kọ́kọ́ wá kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́, bàálù Dornier Do 27 sì wà lára èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn ti lé lọ́gọ́rin báyìí. Tó o bá mọ ọ̀kan ládùúgbò yín, lọ kí i, gbàyè lọ́wọ́ bàbá àtàwọn ọmọ ẹ̀, kó o jẹ́ kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà, irú ọ́ìlì tí wọ́n ń dà sí i, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Béèrè fọ́tò, kó o yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò bóyá wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Má gbé fọ́tò kúrò nílé wọn o, orí tábìlì wọn ni kó o ti yà á.