Agogo Ilé-Ìwé Ìjọ àti Ìrun Ọmọ Mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mùsùlùmí ni èmi àti ọkọ mi, Ìwó ni a sì ń gbé. Ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11 yege nínú ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ìwé àwọn obìnrin kan tí àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì ń darí, inú ọgbà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbé. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó lọ nítorí pé ẹ̀kọ́ wọn múná dóko, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní bí ó bá fi máa lo ọdún 6 níbẹ̀, kò ní lè ka Fátíà mọ́. Ṣé ọmọ tí ó ń kírun lè gbé irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀? Ṣé òfin sì gbà kí wọ́n fi dandan mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? (Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ìwó)

Ìdáhùn: A bá yín yọ̀, ìyá wa. Ẹ̀rù tí ó ń ba ìyá ọkọ yín kì í ṣe ẹ̀rù tuntun. Irú rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, nítorí pé ọwọ́ àwọn ìjọ ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà nígbà náà, ọmọ tí ó bá sì wọlé ní Múfútáù lè jáde ní Mátíù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò nílẹ̀. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kankan láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí láti lọ síbi ìsìn, tí kì í bá ṣe ti ẹ̀sìn tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Abala kan náà ni ó fún ìjọ láàyè láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń fi owó ara rẹ̀ gbọ́ gbogbo bùkátà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i, nítorí pé ìlà kan lè wà níbẹ̀ tí òbí ti ń ṣèlérí pé ọmọ òun yóò pa gbogbo òfin ilé-ìwé mọ́, kí ìsìn òwúrọ̀ sì wà lára òfin náà.

Ẹ má sì ṣe fi pátákó ẹnu ọ̀nà ṣe ẹ̀rí. Láti ìgbà tí ìjọba ti gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970, St. Anne's ní Mọ́lété ní Ìbàdàn ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ìjọba ni, St. Gregory's ní Èkó sì wà lára àwọn tí ìjọba dá padà fún ìjọ ní ọdún 2001. Ẹjọ́ lórí bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjàábù ní ilé-ìwé, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022 dá lórí àwọn ilé-ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe irú èyí tí ọmọ yín fẹ́ lọ.

Ohun tí yóò dà yín láàmú jù, agogo ni. Ọdún 6 ni èmi náà fi gbé ilé-ìwé ìjọ kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Agogo ìjí a dún ní aago 5. A ó sáré pọn omi, a ó gbálẹ̀, nígbà tí ó bá sì di aago 6, gbogbo wa ti wà nínú ilé ìsìn. Ẹ wò ó, àárín ibẹ̀ gan-an ni ìrun Àsùbáà bọ́ sí. Àìlà rọrùn, torí pé ìsinmi ọ̀sán gbà á. Ìṣáì náà rọrùn, torí pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n pa iná. Mọ̀gàríbì ni ó máa ń forí gbárí pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́.

Ọmọ Ìlọrin kan ni ó ń sùn sí ìsàlẹ̀ bọ́ǹkì mi. Tí Rámádáànì bá dé, kò sí ẹni tí yóò ṣí ilé ìdáná ní aago 4 nítorí tirẹ̀, nítorí náà gààrí ni ó fi ń ṣe sààrì: yóò fi áńkáṣíìfù bo ojú tọ́ọ̀ṣì, yóò sì máa rọra fi ṣíbí ro abọ́ páànù kí ó má baà dún. Ní alẹ́, àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ a gbé oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sínú kúlà, bẹ́ẹ̀ òfin ni pé oúnjẹ kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní yàrá ìjẹun. Mátírọ́ọ̀nù wa mọ̀, ó kàn ń gbé ojú kúrò ni. Nígbà tí wọ́n gbé òmíràn dé, ọ̀sẹ̀ kìíní ni ó da oúnjẹ náà nù, tí ó sì fi àwa mẹ́ta lórí ìkúnlẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má ṣe gbára lé ojú àánú ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé náà fúnra yín, kí ẹ béèrè ibi tí ọmọ yóò ti máa kírun, ibi tí yóò wà nígbà Mísà, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú sààrì àti ìṣínu rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó kọ ìdáhùn náà sínú lẹ́tà. Tí ó bá kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ, kí ẹ máa rán an lọ sí ilé-kéú nígbà ìsinmi. Tí ó bá ní “a ó máa wò ó ná,” ẹ wá ilé-ìwé mìíràn.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Mùsùlùmí ni mí, mo sì wà ní ilé-ìwé ìjọ. Mo ti wọ ẹgbẹ́ akọrin nítorí pé mo fẹ́ràn orin, áítò ni mo ń kọ. Bàbá mi kò mọ̀. Ṣé kí n fi pamọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yọ́)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, bóyá orin náà tọ́ tàbí kò tọ́, ọwọ́ àáfà yín ni ìdáhùn ìyẹn wà. Ti bàbá rẹ ni mo lè sọ. Kọ lẹ́tà sí i lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé tí ọjọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún bá dé, tí wọ́n bá pe ẹgbẹ́ akọrin, orí ìjókòó àwọn òbí ni òun yóò wà.