Ejẹ́ǹtì tó fi ilé hàn wá, ta ló ń ṣiṣẹ́ fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ń wá ilé rà ní Katy, lẹ́bàá Houston. A rí ọ̀kan tó wù wá, mo sì pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó iwájú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni ejẹ́ǹtì náà, ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn, "Àǹtí mi" ló ń pè mí. Bó ṣe ń mú wa yí ilé ká, mo sọ fún un pé $315,000 la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ a lè dé $340,000 bí onílé ò bá gbà. Ọ̀rẹ́ mi ní mo ti fi inú han ẹni tí kò yẹ. Ṣé lóòótọ́ ni? Kí la lè ṣe báyìí?
Ìyá Ìbejì, Houston

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ yín kò parọ́. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára pátákó, ejẹ́ǹtì onílé ni. Òun àti onílé ti jọ tọwọ́ bọ̀wé kí ẹ tó mọ̀ pé ilé náà wà lọ́jà. Ọ̀yàyà rẹ̀ lè dénú o, ṣùgbọ́n èdè tí ẹ jọ ń sọ kò sọ ọ́ di ejẹ́ǹtì tiyín.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí Texas Real Estate Commission, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ wa, ní kí a máa fún àwọn èèyàn níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Information About Brokerage Services" ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á. Ó wà nínú rẹ̀ pé ejẹ́ǹtì onílé gbọ́dọ̀ sọ ohunkóhun tó ṣe kókó nípa ilé tàbí òwò náà fún onílé, títí kan ohun tí ẹni tó fẹ́ rà á bá fẹnu ara rẹ̀ sọ. Nítorí náà, bí ejẹ́ǹtì yẹn bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, $340,000 yín ti dé etí onílé. Bó bá bò ó mọ́ra nítorí yín, onílé ló dà. Ohun tó jẹ yín ni òótọ́: kò gbọdọ̀ purọ́ fún yín bí òrùlé bá ń jò tó sì mọ̀.

Ojú Èkó la fi ń wo Houston, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. L'Ékòó, ejẹ́ǹtì kan ṣoṣo lè máa sáré láàárín ẹ̀yin àti onílé, kó gbowó lọ́wọ́ yín, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í pé ti ta ló ń ṣe. Níbí, ìwé tí ẹ bá tọwọ́ bọ̀ ló ń sọ ẹni tí ejẹ́ǹtì ń ṣojú fún. Ẹni tó sanwó fún un kọ́: onílé lè sanwó fún ejẹ́ǹtì yín, kó sì ṣì jẹ́ tiyín.

Ó ṣeé ṣe kí ejẹ́ǹtì onílé yìí sọ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀yin àti onílé ṣe é pọ̀." Òfin Texas gbà á, intermediary ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti onílé gbọ́dọ̀ gbà á lákọsílẹ̀. Látìgbà náà, kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, kò sì gbọdọ̀ sọ fún onílé pé ẹ lè san ju iye tí ẹ kọ sínú ìwé lọ, àfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Àmọ́ tiyín ti jáde lẹ́nu ná. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ má fòyà, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Àdéhùn ilé rírà gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ ní Texas, ọ̀rọ̀ ẹnu yín kò so yín mọ́ iye kankan. Ẹ má bá a dúnàádúrà mọ́, ẹ wá ejẹ́ǹtì tiyín. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì níbí ni pé òfin Texas kò fi dandan lé e kí a sọ fún ará ìlú iye tí wọ́n ta ilé. Iye tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ èyí tí onílé ń béèrè. Ejẹ́ǹtì yín lè wo iye tí àwọn ilé àdúgbò yẹn tà ní gidi. Bó bá jẹ́ $320,000 ni wọ́n ń lọ, onílé lè mọ̀ pé $340,000 wà lápò yín, kò sọ pé kí ẹ san án.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, ejẹ́ǹtì tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, tó sì ń lo MLS (àkójọ ilé tó wà lọ́jà tí àwọn ejẹ́ǹtì jọ ń lò), kò gbọdọ̀ mú yín wo ilé láìjẹ́ pé ẹ ti jọ tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Iye owó iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní pàtó, ẹ sì lè dúnàádúrà rẹ̀, òfin kankan kò dá iye lé e. Ẹ lè ní kí onílé san án gẹ́gẹ́ bí ara ohun tí ẹ ń béèrè. Ẹ wo gígùn àkókò náà pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ẹ kò tíì mọ̀ so yín mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Bí ẹ bá fẹ́ wo àwọn ilé tuntun tí àwọn kọ́ńpìnnì ń kọ́ ní Katy àti Fulshear, ẹni tó ń fi ẹ̀rín pàdé yín nínú ilé àpẹẹrẹ, ti kọ́ńpìnnì ni. Ẹ mú ejẹ́ǹtì yín dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sanwó fún ejẹ́ǹtì tó bá dé lẹ́yìn tí ẹ ti kọ orúkọ yín sílẹ̀.